Àdúrà kò ní kí ẹ da oògùn nù

   

Obìnrin kan ló pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Kò tíì kí mi tán tó fi bú sẹ́kún. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ SS ló ní, àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Wọ́n ti gbàdúrà fún ọmọ náà, wọ́n sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó ti gba ìwòsàn. Ohun tó wá ń dà á láàmú ni pé, tóun bá ń fún ọmọ náà lóògùn rẹ̀ láràárọ̀, ṣé kì í ṣe pé òun ò gba Ọlọ́run gbọ́ nìyẹn? Ẹnì kan ti sọ fún un pé oògùn tó ń fún ọmọ yẹn ló ń lé ìwòsàn rẹ̀ sẹ́yìn.

Mo ní kó kọ́kọ́ lọ fún ọmọ lóògùn ọjọ́ náà ná, ká tó sọ ọ̀rọ̀ yòókù. Ohun tí mo bá a sọ lẹ́yìn ìgbà náà ni mo fẹ́ bá gbogbo yín sọ lónìí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí. Ó wà nílé Kìrìsìtẹ́nì, ó wà nílé Mùsùlùmí, ó sì wà nílé àwọn oníṣẹ̀ṣe.

Kí ni àìsàn yìí gan-an?

Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa kan wà tó jẹ́ pé àwọn ló ń gbé atẹ́gùn tá a bá mí sínú káàkiri ara. Ti ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń rí roboto, ó máa ń rọ̀, ó sì máa ń yọ́ gba inú iṣan tóóró kọjá. Ti ọmọ SS kò rí bẹ́ẹ̀. Tí omi bá dín lára rẹ̀, tí òtútù bá mú un, tí ibà bá kọ lù ú, tàbí tó bá ṣe wàhálà ju agbára rẹ̀ lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á le, wọ́n á sì tẹ̀ bíi dòjé. Wọ́n á wá há sínú iṣan, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní lè kọjá. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé yẹn ló ń ro ọmọ náà tó fi ń ké. Ó lè jẹ́ egungun, ó lè jẹ́ inú, ó sì lè jẹ́ àyà. Sẹ́ẹ̀lì ti àwa yòókù ń lò tó nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó kú, àmọ́ tiwọn kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í fi í tó, tí ẹyinjú wọn sì máa ń pọ́n bí èso ìyeyè.

Àìsàn yìí kì í ràn. Kò sí ẹni tó lè fi rán sí ọmọ. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń gbà á, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Tí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ọ̀nà kan wà nínú mẹ́rin pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS, ọ̀nà méjì wà pé yóò jẹ́ AS bíi tiwọn, ọ̀nà kan sì wà pé yóò jẹ́ AA. Oyún kọ̀ọ̀kan ni mo wí o. Àwọn kan rò pé táwọn bá ti bí SS kan, àwọn mẹ́ta tó bá tẹ̀ lé e ti bọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń da owó ẹyọ, bó ṣe balẹ̀ lánàá kò sọ bí yóò ṣe balẹ̀ lónìí.

Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. Wọ́n sì ṣírò pé ọmọ tó lé ní 100,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí lọ́dọọdún nílẹ̀ wa. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ilé yín nìkan lọ̀rọ̀ náà wà.

Ọ̀rọ̀ àbíkú

Láàárín oṣù bíi mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmọ SS kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàìsàn, torí pé irú ẹ̀jẹ̀ kan tó bá a wá láti inú oyún ṣì ń dáàbò bò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ ìkókó yìí bá ṣe ń dín kù ni àìsàn ń yọjú. Ọmọ tó sanra, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn, á ṣàdédé wú lọ́wọ́, á wú lẹ́sẹ̀, á sì máa ké tọ̀sán tòru. Nígbà àtijọ́, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kì í pé ọdún márùn-ún. Ìyá á bí òmíràn, ohun kan náà á tún ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nígbà náà, ni àwọn baba wa bá ní ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀.

Kì í ṣe gbogbo àbíkú ló jẹ́ SS o. Ibà pa ọmọ, ìgbóná pa ọmọ, ipá sì pa ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà gbà pé SS wà nínú wọn dáadáa. Ẹ sì wo orúkọ tí wọ́n ń sọ wọ́n: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó. Àdúrà ni gbogbo rẹ̀. Òbí tí kò ní oògùn kankan lọ́wọ́ fi orúkọ ọmọ bẹ Ọlọ́run. Àwa tí a ní oògùn lónìí ńkọ́?

Ìdílé kan tí mo mọ̀

Tọkọtaya kan wà ní Ìbàdàn tí wọ́n gbà kí n sọ ìtàn wọn, tí mi ò bá ti dárúkọ wọn. Kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n lọ síbì kan lẹ́bàá títì, wọ́n kọ AA fún ọkọ, wọ́n kọ AS fún ìyàwó. Ọkàn wọn balẹ̀. Àkọ́bí wọn kò tíì pé oṣù mẹ́jọ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Àwọn kan ní eyín ló fẹ́ hù. Àwọn kan ní ibà ni. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan, ìyẹn ní ìyá àgbà kan nínú ilé wọn ló ń fi ọmọ náà ṣeré lóru.

Ìyá àgbà kan ṣoṣo ló sì wà nínú ilé náà. Ìyá ọkọ ni, òun ló wá bá wọn tọ́jú ọmọ. Wọn ò lé e jáde ní tààrà, ṣùgbọ́n ìyàwó kò jẹ́ kó gbé ọmọ mọ́, kò sì fẹnu kan oúnjẹ tí màmá bá sè mọ́. Nígbà tó yá, màmá di ẹrù rẹ̀, ó padà sí abúlé.

Ọmọ náà pé ọdún kan àbọ̀ kí nọ́ọ̀sì kan tó ní kí gbogbo ilé wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọmọ jẹ́ SS. Ìyàwó jẹ́ AS. Ọkọ tí wọ́n kọ AA fún, AS lòun náà. Wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò níbòmíràn, AS náà ni. Kò sí àjẹ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, ìwé tí wọ́n ṣe lẹ́bàá títì ló tàn wọ́n jẹ.

Nígbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ gan-an, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára ní ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e lọ sí ìpàdé àdúrà ńlá kan. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n sunkún, ara ọmọ sì yá gágá. Wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, AS ló jáde! Ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wo ayọ̀ wọn. Wọ́n jẹ́rìí níwájú ìjọ, wọ́n ṣe ìdúpẹ́, wọ́n sì kó oògùn dànù.

Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Ohun kan ni wọn ò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí ọmọ náà lára, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni, A sì wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ SS lára, tí wọ́n sì yẹ jẹ́nótáìpù rẹ̀ wò kí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin tó pé, ti àlejò lè dà pọ̀ mọ́ ti onílé, kí wọ́n sì kọ AS. Tí ẹ̀jẹ̀ àlejò bá tán, SS náà ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé ibi tí mo ti sọ èyí pa mọ́, nítorí ó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Oṣù kẹrin ni ibà dá ọmọ náà wó. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi jókòó sílé tí wọ́n ń gbàdúrà. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ọmọ wọn. Ojú ló ń tì wọ́n. Tí wọ́n bá lọ sí ọsibítù, kí ni wọ́n máa sọ fún àwọn tó gbọ́ ẹ̀rí wọn? Ìtìjú yẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi, díẹ̀ ló kù kó gbẹ̀mí ọmọ. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, kò lè mí dáadáa mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé lóru ọjọ́ kẹta, òun ò lè gbàdúrà mọ́. Ó ní òun bínú sí Ọlọ́run, òun sì bínú sí ara òun. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ta ló wọlé? Ìyá ọkọ rẹ̀ ni, láti abúlé, pẹ̀lú fúláàsì ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́. Kò bèèrè ẹni tó ṣẹ òun. Ó ní kí ìyàwó lọ sùn díẹ̀, pé òun á máa bá a gbàdúrà títí dìgbà tí òun fúnra rẹ̀ á fi lè gbà á.

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́tàlá báyìí, ó sì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama. Màmá ti padà sílé. Tí wọ́n bá ti ṣe àdúrà òwúrọ̀ tán, kí wọ́n tó ṣe àmín kẹta, màmá á ti na ọwọ́ oògùn àti ife omi sí ọmọ náà. Ó ní, "Àmín rẹ nìyẹn, gbé e mì."

Ta ló ní kí onígbàgbọ́ má lo oògùn?

Nínú Bíbélì, nígbà tí ọba Hesekáyà ń ṣàìsàn, Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀, síbẹ̀ wòlíì Aísáyà ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo rẹ̀. Lúùkù tó bá Pọ́ọ̀lù rìn, oníṣègùn ni. Ẹ̀yin Mùsùlùmí náà mọ̀ pé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní kí àwọn ènìyàn máa wá ìwòsàn. Ẹ sì mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọkùnrin tó bèèrè nípa ràkúnmí: kó kọ́kọ́ so ó ná, kó tó gbára lé Ọlọ́hun. Nínú ìṣẹ̀ṣe, wọ́n á dífá, wọ́n á rúbọ, wọ́n á sì tún já ewé. Níbo ni wọ́n wá ti rí i pé ẹni tó lo oògùn ti sẹ́ Ọlọ́run rẹ̀?

Àwọn nǹkan kan tilẹ̀ wà tí à ń ṣe nítorí ẹ̀sìn tó lè dá ìrora sílẹ̀ fún ọmọ SS. Ààwẹ̀ tí kò ní omi nínú kò dára fún un. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù gba aláìsàn láàyè láti má gbààwẹ̀, ẹ má fi dandan mú ọmọ. Ìṣọ́ òru nínú òtútù, ìwẹ̀ omi tútù ní ìdájí, ká fi abẹ kan náà sín gbẹ́rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àgbo tẹ́nì kan ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ yọ ọmọ náà kúrò nínú gbogbo rẹ̀. Àdúrà tí wọ́n gbà fún un nínú yàrá tó móoru, òkè ni yóò dé.

Ohun tí ẹ óò máa ṣe nílé

Omi ni àkọ́kọ́. Kó máa mu omi láti òwúrọ̀ títí dalẹ́, kó sì gbé ike omi lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ sọ fún tíṣà rẹ̀ pé yóò máa tọ̀ léraléra, kó má nà án nítorí ìyẹn.

Oògùn ojoojúmọ́: folic acid máa ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Dókítà á tún kọ èyí tó ń dènà ibà, bíi Paludrine. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nílò penicillin pẹ̀lú, torí òtútù àyà máa ń tètè pa wọ́n. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan ṣeré. Kí ọmọ sì máa sun inú àwọ̀n ẹ̀fọn.

Ẹ bi dókítà léèrè nípa hydroxyurea. Ó ń jẹ́ kí ara tún máa ṣe ẹ̀jẹ̀ ìkókó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Láti ọdún 1998 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó sì di ọdún 2019, àwọn oníṣègùn gbé èsì ìwádìí jáde lórí ọmọ tó lé ní 600 ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà. Ìrora wọn dín kù, ibà wọn dín kù, ikú náà sì dín kù. Àmọ́ ẹ má lọ dá a rà fúnra yín, torí wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò bó ṣe ń lò ó.

Ẹ ra tẹmómítà. Tí ara bá gbóná dé 38, ọsibítù lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́la. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kọ́ yín bí ẹ ṣe lè fọwọ́ kan ìhà òsì ikùn ọmọ kékeré. Tó bá ṣàdédé wú tó sì le, tí ètè ọmọ sì funfun, ẹ sáré. Àyà dídùn àti èémí kúkúrú, orí fífọ́ tó le, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó rọ, ẹnu tó ń wọ́, ẹ sáré. Tí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ bá le sílẹ̀ tó ń dùn ún, tí kò sì rọ̀ títí wákàtí méjì, ẹ sáré náà. Ẹ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó má tijú láti ké pè yín.

Láti ọdún méjì sí mẹ́rìndínlógún, ó yẹ kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan ọpọlọ ọmọ lọ́dọọdún, kí wọ́n lè rí ewu rọpárọsẹ̀ kó tó dé. Ẹ bèèrè rẹ̀ ní ọsibítù ńlá, tàbí ní ibùdó tó wà fún àìsàn yìí ní Ìdí-Àràbà, ní Èkó, ti Sickle Cell Foundation tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú dá sílẹ̀ lọ́dún 1994.

Àwọn kan á ti gbọ́ pé ìwòsàn ti dé. Lóòótọ́ ni. Ìparí ọdún 2023 ni Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tó ń tún ohun tí ọmọ jogún ṣe, àmọ́ ó ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ fún ẹnì kan. Wọ́n sì tún lè gba mùdùnmúdùn egungun lára ọmọ ìyá rẹ̀ tó bá bá tirẹ̀ mu, èyí náà kò pọ́ọ́kú. Ìrètí ni, ká máa retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí yóò jàǹfààní rẹ̀ lọ́la, ẹ gbọ́dọ̀ fi omi àti oògùn gbé e dé ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ mi sí ẹ̀yin àgbà

Ẹ̀yin ìyá wa àti bàbá wa, tí wọ́n bá ní SS ni ọmọ ọmọ yín, ẹ má ṣe ní "kò sí i nínú ìdílé tiwa." AS lè wà nínú ìdílé fún ọgọ́rùn-ún ọdún láìfara hàn. Ẹ má dá ìyàwó lẹ́bi. Ẹ má sì sọ fún ọmọ tó ń jẹ̀rora pé ó ń díbọ́n, egungun rẹ̀ ló ń dùn ún. Ẹ̀yin ọmọ náà, kí ẹ tó gba àríran ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ìyá yín ni ẹlẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin àfáà, ẹ̀yin onífá, wọ́n ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Tí ẹnì kan bá sọ pé òun ti gba ìwòsàn, ẹ bá a dúpẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé dókítà nìkan ló lè ní kó dá oògùn dúró. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ so pọ̀, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ibi méjì tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé kí ìfẹ́ tó wọra, kì í ṣe nígbà tí wọ́n ti ra aṣọ ẹbí. Kí ìjọ àti jámáà yín sì máa fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ni irú àwọn ọmọ yìí máa ń wá lóru tí wọn kì í rí.

Ìyá tó pè mí náà bèèrè lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó gbé fóònù sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n má gbàdúrà mọ́ ni?" Mo ní rárá o. Gbàdúrà fún ọmọ rẹ, gbàdúrà fún dókítà rẹ̀, gbàdúrà fún owó oògùn. Ọjọ́ tó bá rẹ̀ ọ́, jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ gbà á. Ìgbàgbọ́ ló ń mú kí ìyá dìde ní aago mẹ́ta òru, kó fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, kó sì wá ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Ẹni tí kò gbà pé ọmọ náà yóò yè kò ní yọ ara rẹ̀ lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó tún pè mí. Ó ní ọmọ náà ti lo oògùn rẹ̀, ó ti mu omi, ó sì ti bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní àmín.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa tọ́jú ara yín.